Abẹ́rẹ́ Dáyámọ́ńdì Nínú Poro Àwo Àtijọ́

Ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Igbaruku, ní ilẹ̀ Yàgbà. Nínú pálọ̀ ilé kan, àgbàlagbà ọkùnrin kan fa àwo rẹ́kọ́ọ̀dù yọ nínú páálí tí igun rẹ̀ ti ya, ó fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ẹ̀rọ. Apá ẹ̀rọ náà gbéra, ó yí wọ inú, ó rọra sọ̀kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta pàrà-pàrà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí àkọ́díọ̀nù I.K. Dáíró, olórin jùjú, tó wọlé, kí gángan sì gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù lẹ́bàá ògiri gbójú sókè.

Gbogbo ohun tó wọ etí wọn yẹn, orí abẹ́rẹ́ kan tí kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló gbé e wá. Áńpù lè lágbára, sípíkà lè ga dé àyà ènìyàn. Ohun tí abẹ́rẹ́ kò bá rí mú jáde láti inú àwo, kò sí ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé tó lè dá a padà.

Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kárí ayé fi ń náwó tó ń yani lẹ́nu lé nǹkan kékeré méjì. Èkíní ni kátíríìjì, àpótí tó di abẹ́rẹ́ mú tó sì ń sọ ìmì rẹ̀ di iná mànàmáná. Èkejì ni apá tó ń gbé kátíríìjì náà kọjá lójú àwo. Kátíríìjì wà tí owó rẹ̀ kò tó 100 dọ́là Amẹ́ríkà. Òmíràn wà tí ó ju 10,000 dọ́là lọ. Èwo ló wá yẹ àwo Dáíró, ti Haruna Ishola tàbí ti Ebenezer Obey tó ti lo àádọ́ta ọdún nínú àpótí? Owó nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tó ṣe kókó ni bí abẹ́rẹ́ ṣe bá apá mu, àti bí àwọn méjèèjì ṣe bá ipò tí àwo fúnra rẹ̀ wà mu.

Ohun tó wà nínú poro

Poro kan ṣoṣo ló wà lójú àwo kọ̀ọ̀kan, ó ń yí láti etí lọ sí àárín. Lórí àwo mónò, orin wà nínú bí poro ṣe ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì. Lórí àwo sítẹ́ríò, ògiri méjèèjì ni wọ́n kọ orin sí, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì, ògiri kọ̀ọ̀kan sì dagun ní ìwọ̀n 45. Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ìlú Ọba, ló gbé àbá yìí kalẹ̀ ní 1931, ṣùgbọ́n ó di 1957 àti 1958 kí irú àwo bẹ́ẹ̀ tó dé ọjà.

Ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n poro mu. Ti àwo 78 àtijọ́, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tóbi: rédíọ́ọ̀sì orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó 0.075 mm. Ti LP mónò jẹ́ 0.025 mm, ti sítẹ́ríò sì jẹ́ nǹkan bí 0.018 mm. Bí ènìyàn bá fi abẹ́rẹ́ LP lu àwo 78, ìsàlẹ̀ poro ni yóò máa wọ́ lọ, níbi tí eruku kó jọ sí, ariwo ni yóò sì gbọ́ ju orin lọ.

Ìrísí orí abẹ́rẹ́ tún ṣe pàtàkì. Èyí tó rọ̀ jù lọ́wọ́ ni olórí kíríbítí: ó rọrùn láti ṣe, ó sì ń fara da àṣìṣe ẹni tó tò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó gùn lápá kan tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, tí ó lè wọ kọ̀rọ̀ kékeré nínú poro. Èyí tó wọ́n jù ni olórí tín-ín-rín tó ń fara kan ògiri láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Norio Shibata ti ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan ló ṣe ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ tó lè ka àwo olóhùn mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ náà títí di òní. A. J. van den Hul ti Netherlands àti Fritz Gyger ti Switzerland náà ní tiwọn.

Fún àwo tó ti gbó, abẹ́rẹ́ irú yìí ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ olórí kíríbítí ti hó lára ògiri poro fún ogún ọdún kì í ju ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Abẹ́rẹ́ Shibata lè kan apá òkè tàbí apá ìsàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ohunkóhun kò tíì kàn rí, orin tí wọ́n rò pé ó ti lọ á sì tún jáde. Àmọ́ bí ìdọ̀tí bá wà nísàlẹ̀, yóò kà á pẹ̀lú. Nítorí náà, àwo tí a kò fọ̀ kò yẹ kó fojú kan abẹ́rẹ́ olówó ńlá.

Láti orí gírámófóònù dé orí rediogíráàmù

Ní 1922, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Tunde King gbé jùjú wọ inú àwo Parlophone ní 1936. Àwo 78 ni wọ́n, ó wúwo, ó sì tètè ń fọ́. Gírámófóònù tí wọ́n ń fọwọ́ wáìn ló ń lù wọ́n. Orí ẹ̀rọ náà ń tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo tó ju 100 gíráàmù lọ, abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ sì ni wọ́n ní láti pàrọ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò yani lẹ́nu pé díẹ̀ nínú àwo ìgbà náà ló kù tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́.

Rediogíráàmù, rédíò àti ẹ̀rọ àwo nínú àpótí kan, ló gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ Yàgbà, ó wọ ilé àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbẹ̀ tí kòkó àti kọfí ti sọ owó sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, Kàdúná àti Èkó máa ń gbé e bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì. Àkókò yẹn, láti 1967 títí di 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, abẹ́ Kwara ni ilẹ̀ Òkun, tí Yàgbà jẹ́ apá kan rẹ̀, wà, Ìlọrin sì ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Ṣéńjà ló wà nínú àwọn rediogíráàmù wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ Garrard ti Swindon tàbí BSR ti Birmingham. Wọ́n á to àwo mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ sórí irin àárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa já lulẹ̀ bí èyí tó ṣáájú bá ti tán. Ó dùn mọ́ni níbi àríyá, nítorí kò sí pé ẹnikẹ́ni ń dìde. Ṣùgbọ́n bí àwo ṣe ń ga sí i lórí ara wọn ni ìgun abẹ́rẹ́ ń yí padà, ojú àwo kan sì ń ha ojú ìkejì.

Kátíríìjì wọn jẹ́ ti kírísítálì tàbí ti amọ̀ sísun, ohun tó ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́. Iná rẹ̀ pọ̀, áńpù kékeré tó fún un. Àwọn tó dàgbà nídìí rẹ̀ rántí irin kékeré tó wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń yí: apá kan fún 78, apá kejì fún LP. Ti kírísítálì ní àbùkù kan tó burú fún ilẹ̀ olóoru: iyọ̀ Rochelle ni wọ́n fi ṣe é, iyọ̀ náà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ooru sì ń bà á jẹ́. Ohùn a máa kú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi yadi.

Àwọn kátíríìjì yìí ń tẹ àwo pẹ̀lú gíráàmù 5 sí 8, ìgbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ wọn sábà jẹ́ sàfáyà, tó ń tètè jẹ ju dáyámọ́ńdì lọ. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gbà pé abẹ́rẹ́ tí a kò pàrọ̀ ló ba àwo jẹ́ ní ilẹ̀ wa ju ọjọ́ orí lọ. Bí orí abẹ́rẹ́ bá jẹ, etí rẹ̀ á mú, á sì máa gé ògiri poro nígbàkigbà tí orin bá le. Ibi tí orin ti dùn jù gan-an ló ń kọ́kọ́ lọ.

Òòfà àti wáyà

Kátíríìjì òde òní ń lo òòfà àti wáyà kíká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń mì nítòsí ìkejì, iná á jáde nínú wáyà. Èwo ló ń mì? Ìyẹn ló pín wọn sí agbo méjì.

Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní MM, òòfà kékeré ló wà ní ìdí ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́, wáyà dúró sójú kan. Iná rẹ̀ tó 3 sí 5 mV, áńpù tó ní ojúhò fónò lásán lè gbà á. Àǹfààní rẹ̀ ńlá ni pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe é fà yọ: bó bá jẹ, a ra òmíràn, a tì í bọ ibẹ̀, ó parí. Shure ti Amẹ́ríkà ṣe irú èyí títí di 2018 tó fi iṣẹ́ kátíríìjì sílẹ̀ pátápátá. V15 rẹ̀, tó kọ́kọ́ jáde ní 1964, ṣì níyì lójú àwọn olólùfẹ́ orin. Ortofon ti Denmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1918, ń ṣe ìran 2M lọ́wọ́lọ́wọ́. Red ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Black tó ní abẹ́rẹ́ Shibata sì ni òkè rẹ̀. Red ń tẹ àwo pẹ̀lú gíráàmù 1.8, Black pẹ̀lú 1.5.

Nínú agbo kejì, tí wọ́n ń pè ní MC, wáyà ló so mọ́ ọ̀pá, òòfà ló dúró. Kí wáyà lè fúyẹ́, wọn kì í ká a púpọ̀, nítorí náà iná rẹ̀ kì í sábà ju 0.2 sí 0.5 mV lọ. Ó nílò tiransifọ́mà tàbí áńpù àfikún kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ, odidi kátíríìjì ni à ń fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, òkè òkun ló sì sábà máa ń lọ. Àwọn tó fẹ́ràn MC sọ pé ohun fífúyẹ́ tètè ń yí padà, àti pé etí ń gbọ́ ọ níbi tí ọwọ́ ti kan awọ ìlù, kí ohùn awọ náà tó tàn kálẹ̀.

Denon DL-103 ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Denon àti NHK, ilé-iṣẹ́ rédíò Japan, ló jọ ṣe é ní 1962 fún iṣẹ́ rédíò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ olórí kíríbítí, ó ń tẹ àwo pẹ̀lú gíráàmù 2.5, iná rẹ̀ jẹ́ 0.3 mV, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Nítorí pé àwọn tó ń lò ó ní rédíò kò ní àkókò láti máa tún un tò, wọ́n ṣe é kó lágbára. Fún àwo jùjú àti àpàlà tó ti rí ìlò, kò rọrùn láti rí èyí tó dára jù ú lọ ní iye owó rẹ̀. Ohùn àárín, níbi tí ohùn ènìyàn àti gángan ń gbé, nípọn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí kò ní ni kíkún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá.

Ortofon SPU ti 1959 dàgbà jù ú lọ. Kátíríìjì àti ilé rẹ̀ papọ̀ wúwo tó gíráàmù 30, ó sì ń tẹ àwo pẹ̀lú nǹkan bí gíráàmù 4. Apá fífúyẹ́ kò lè gbé e rárá. Koetsu ti Japan, tí Yoshiaki Sugano dá sílẹ̀, lo igi àti òkúta iyebíye fún ara kátíríìjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó rẹ̀ sì fi í hàn.

Àwọn kan wà tí kò wọ inú agbo méjèèjì. Grado ti Brooklyn jẹ́ kí irin kékeré máa mì láàárín òòfà àti wáyà tó dúró. Decca ti Ìlú Ọba yọ ọ̀pá kúrò pátápátá, ó so abẹ́rẹ́ mọ́ irin tó dúró gangan lókè poro. Ó dùn mọ́ni pé Decca yìí náà ló tẹ àwo Dáíró, Haruna Ishola àti Obey jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohùn kátíríìjì Decca yá gan-an, ìlù máa ń fò jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nira láti tò, àwo tó wọ́ sì ń dà á láàmú. DS Audio ti Japan ní tirẹ̀ ń lo ìmọ́lẹ̀: òjìji abẹ́rẹ́ ló ń yí iná padà, ẹ̀rọ àkànṣe tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á.

Apá tó ń gbé e

Ẹ̀rọ tó gé poro sínú àwo máa ń rìn gbọọrọ láti etí lọ sí àárín. Apá tó ń lu àwo so mọ́ ojú kan, ó ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Ìgun abẹ́rẹ́ kò wá lè bá ti ẹ̀rọ tó gé e mu ju ibi méjì lọ lójú àwo. E. Löfgren ní 1938 àti H.G. Baerwald ní 1941 ló ṣe ìṣirò bí àṣìṣe yìí á ṣe kéré jù: apá á tẹ̀ sínú níwájú, abẹ́rẹ́ á sì kọjá àárín àwo díẹ̀. Bí a bá tò ó bí wọ́n ti là á sílẹ̀, ibi méjì tí àṣìṣe ò sí máa ń wà ní nǹkan bí 66 mm àti 121 mm sí àárín.

Títẹ̀ yìí ló ń fa apá wọ inú bí àwo ti ń yí, tí abẹ́rẹ́ fi ń fara ti ògiri kan ju ìkejì lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi sípíríǹgì tàbí òṣùwọ̀n kékeré fà á padà síta. Ẹni tí kò bá tò ó dáadáa yóò gbọ́ kí ohùn ọ̀tún máa ha kí ti òsì tó bẹ̀rẹ̀.

Apá inṣi 9 ló wọ́pọ̀ jù. Ti inṣi 12 ń dín àṣìṣe ìgun kù, àmọ́ ó wúwo sí i. Bang & Olufsen ti Denmark gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Beogram 4000 ní 1972: mọ́tò ń ti apá náà lọ gbọọrọ, bí ẹ̀rọ tó gé àwo ti ṣe. Ó lẹ́wà, ó péye, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ ní Igbaruku, ilé nìkan ni yóò máa dá lọ́ṣọ̀ọ́.

Orúkọ mẹ́ta ló gba àfiyèsí níbi ọ̀rọ̀ apá. SME, tí Alastair Robertson-Aikman dá sílẹ̀ ní 1946 fún ṣíṣe ẹ̀rọ àwòṣe kékeré, gbé apá 3012 jáde ní 1959. Ojúhò tí wọ́n fi ń so ilé kátíríìjì mọ́ ọn di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù gbà lò, pàápàá ní Japan. Ní 2019, SME kéde pé òun kò ní ta apá lọ́tọ̀ mọ́. Rega ti Ìlú Ọba ṣe RB300 ní 1983: ẹyọ alumíníọ̀mù kan tí wọ́n yọ́ pọ̀ láti orí dé ìdí, láìsí oríkèé tó lè mì. Owó rẹ̀ kéré sí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe olówó rí apá gidi lò.

Ẹ̀kẹta ni apá Technics SL-1200, tí àwọn díjè mọ̀ dunjú. Ó jáde ní 1972, MK2 tẹ̀lé e ní 1979, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2010, ó sì padà dé ní 2016. Ilé kátíríìjì rẹ̀ ń yọ ní kíákíá. Ẹni tó bá ní LP mónò àti LP sítẹ́ríò lè to abẹ́rẹ́ méjì sílẹ̀, kí ó máa pàrọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún àpótí àwo tó kún fún onírúurú ìgbà, àǹfààní yìí ju ìyàtọ̀ ohùn tín-ín-rín tó wà láàárín rẹ̀ àti apá tó wọ́n jù ú lọ.

Bí abẹ́rẹ́ àti apá kò bá mọ ara wọn

Rọ́bà kékeré kan ló di ọ̀pá abẹ́rẹ́ mú nínú kátíríìjì. Rọ́bà yìí àti ìwúwo apá jọ ní ibi kan tí wọ́n ti máa ń gbọ̀n fúnra wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kó bọ́ sí láàárín 8 àti 12 Hz. Bó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwo tó wọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú yàrá á máa ju abẹ́rẹ́ sókè. Bó bá ga jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í da orin rú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó ṣírò ìwúwo apá àti kátíríìjì pọ̀ ní gíráàmù, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìrọ̀ rọ́bà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára páálí, a ó wá nọ́ńbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó jẹ́ iye náà, a ó sì fi pín 159. DL-103 lórí apá Technics: 12 fún apá, 8.5 fún kátíríìjì, 1 fún ìdè rẹ̀, ó di 21.5. Rọ́bà rẹ̀ le, ó tó nǹkan bí 9. Ohun tó jáde jẹ́ nǹkan bí 11 Hz. Ó dára.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé kátíríìjì olówó tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ dé 27 sórí apá wíwúwo gíráàmù 25. Kátíríìjì náà tó gíráàmù 7. Ohun tó jáde kò ju nǹkan bí 5 Hz lọ, àárín ibi tí àwo wíwọ́ ti ń yọni lẹ́nu gan-an nìyẹn. Owó ti lọ lé méjèèjì lórí, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé kátíríìjì kan burú, apá tí kò yẹ ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò.

Àárín àwo ni ìdánwò wà

Àwo LP ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní etí àwo, poro ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, kò ju 21 lọ. Ohùn 10,000 Hz tó gba 0.051 mm nínú poro ní etí, 0.021 mm ló kù fún un nínú. Abẹ́rẹ́ olórí kíríbítí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 0.018 mm fẹ̀ ju ààyè náà lọ. Ó kàn ń fò kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan orin Yorùbá ju ọ̀pọ̀ orin lọ. Olórin Òyìnbó lè fi orin jẹ́jẹ́ sí ìparí ojú àwo. Àwọn ọ̀gá jùjú máa ń so orin pọ̀ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan dé òpin rẹ̀. Ìparí yẹn gan-an sì ni ìlù ti máa ń gbóná, tí gángan ń pe oríkì, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún gbogbo, tí àwọn agberin ń dáhùn. Fela náà máa ń fi orin kan ṣoṣo kún ojú àwo, bí ó ti ṣe nínú "Zombie" ní 1976. Ibi tí orin ti dé góńgó ni ààyè ti kéré jù fún abẹ́rẹ́.

Bí ojú àwo bá tún gùn, tó sún mọ́ ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, poro á fún pọ̀, wọ́n á sì ní láti rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e. Níbí ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti fi hàn pé kì í ṣe àṣehàn lásán ló wọ́n fún. Ìyàtọ̀ láàárín 2M Red àti 2M Black ṣòro láti gbọ́ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́. Ní ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn, ọmọdé gan-an á gbọ́ ọ: ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dún lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Black, á di ariwo kan lórí Red.

Ihò àárín àwo náà ní ipa tirẹ̀. Bí wọn kò bá lu ihò náà sí àárín gbùngbùn, ohùn á máa ga, á máa relẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Fún orin tí ìlù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìpalára náà tóbi, nítorí ohùn tó yẹ kó dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́. Kò sí kátíríìjì tó lè wo èyí sàn.

Iná, ọyẹ́ àti ooru

Ìwé tó ń bá kátíríìjì wá sábà máa ń gbà pé yàrá kò gbóná ju ìwọ̀n 20 sí 25 Celsius lọ. Yàrá ilẹ̀ Òkun ní oṣù kẹta kò mọ ìyẹn. Bí ó bá gbóná, rọ́bà abẹ́rẹ́ á rọ̀ ju bí ilé-iṣẹ́ ti ṣírò lọ, ìṣirò Hz tó wà lókè á sì relẹ̀ díẹ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí kátíríìjì tí rọ́bà rẹ̀ le láti ilé fi ń ṣe dáadáa níbí.

Ooru yìí kan náà ló ń jẹ́ kí àwo wọ́, pàápàá èyí tí wọ́n tò lélẹ̀ lórí ara wọn tàbí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní òòró ló yẹ kí àwo wà. Nígbà ọyẹ́, eruku tó bà sí poro máa ń gbẹ mọ́ ọn. Fífi aṣọ gbígbẹ nù ún kàn ń tì í wọlé ni. Omi mímọ́ tí iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló ń yọ ọ́.

Ti iná tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olókùn rọ́bà ń lo mọ́tò tó ń tẹ̀lé 50 Hz iná ìjọba. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá sáré dé 52 Hz, àwo náà á sáré ju bó ti yẹ lọ ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn Obey á sì di ti ẹlòmíràn. Mọ́tò SL-1200 MK2, tí kírísítálì kúọ́tìsì ń darí, kò wo ojú jẹnẹrétọ̀. Nítorí èyí, owó tí ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège bá ná lé irú mọ́tò yìí ṣe é láǹfààní ju èyí tó ná lé kátíríìjì lọ.

Ta ló nílò èyí tó wọ́n?

Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo ní Nàìjíríà ti kógbá sílé tipẹ́. Phonodisk, tí Haruna Ishola dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, wà lára ohun ìwúrí ìgbà náà. Decca West Africa di Afrodisia, EMI di Ivory Music, Polygram di Premier. Ìjábọ́ náírà lẹ́yìn 1986, kásẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń jí orin tẹ̀ ló pa òwò LP. Ọ̀pọ̀ téèpù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gba orin sílẹ̀ ti sọnù tàbí bàjẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Strut ní Lọ́ńdọ̀nù gbé "Nigeria 70" jáde ní 2001, tí Luaka Bop ní Amẹ́ríkà sì kó orin William Onyeabor, olórin Nàìjíríà, jọ ní 2013, ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní láti gbà láti ojú àwo fúnra rẹ̀.

Ó túmọ̀ sí pé fún orin kan, àwo tó wà nínú àpótí ní Egbe, Mopa tàbí Igbaruku lè wà lára ìwọ̀nba ẹ̀dà tó kù. Fún gbígbọ́ ojoojúmọ́, MM tó lágbára tàbí DL-103 lórí apá tó bá a mu ti tó, bí a bá ń pàrọ̀ abẹ́rẹ́ lásìkò. Dáyámọ́ńdì olórí kíríbítí máa ń tó nǹkan bí 500 wákàtí. Olórí tín-ín-rín lè tó 1,000 bí àwo bá mọ́. Fún ẹni tó fẹ́ gba orin sínú kọ̀ǹpútà kí ó má bàa parun, níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́ Shibata tàbí irú rẹ̀ ti tọ́ sí owó rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ó yẹ kí àwo tó ti gbó kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí ẹ̀ẹ̀kan náà péye.

IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn, ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é má lo ohun tó kéré sí 24 bit àti 48 kHz. 96 kHz ló dára jù. Àwo mónò fẹ́ abẹ́rẹ́ mónò, 78 fẹ́ tirẹ̀, a sì lè dán ìwọ̀n abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wò láti mọ èyí tó bá ibi tí poro kò tíì hó mu. Irú abẹ́rẹ́ tí a lò, gíráàmù tó fi tẹ àwo àti ìyára àwo náà ló yẹ kí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì àwo, kí ẹni tó bá tún fẹ́ gbà á lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ibi tí ẹni ìṣáájú dé.